Lẹ́tà Tí Bàbá Mi Ò Fẹ́ Kọ

Ojú wa ṣe mẹ́rin ní ìṣẹ́jú tí gbogbo èèyàn ń ti ara wọn.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé wọ́n ti ti fèrèsé kejì, kí gbogbo ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kọjá sí ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá ti dé ọ́fíìsì àwọn ológun tó fẹ̀yìn tì rí á mọ̀ pé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n fun fèrè ogun ni. Àwọn bàbá tó ti ń tòògbé láti àárọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àga ń ha ilẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ ń gbá ara wọn, ẹnì kan ń pariwo pé, "Ẹ rọra o! Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún mi lẹ tẹ̀ yẹn!"

Láàárín rúkèrúdò yìí, ọkùnrin kan dúró ti ògiri, kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ kan di etí tábìlì mú, èkejì gbá àpòòwé ńlá kan mọ́ àyà, òógùn ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Ó ga, ó dúdú, ó sì lẹ́wà débi pé ó yẹ kí wọ́n kìlọ̀ fún èèyàn kó tó wò ó. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di èyí mú," ó ní, ó na àpòòwé náà sí mi. "Bí wọ́n bá fi ìgbúnwọ́ gún un báyìí, ó parí. Ẹ̀yìn mi ló wà nínú rẹ̀."

"Ẹ̀yìn yín?"

"Fọ́tò rẹ̀ ni, tí wọ́n yà ní ọsibítù. Ojúlówó rẹ̀ wà lára mi níbí, òun ni kò jẹ́ kí n rìn."

Ó rẹ́rìn-ín, ìrora sì gé ẹ̀rín náà sí méjì. Mo gba àpòòwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá mi ni mo sìn wá. Lọ́dọọdún ni gbogbo ológun tó ti fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ wá fi ara rẹ̀ hàn pé òun ṣì wà láàyè, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí káàdì rẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn sì jẹ́ ti àwọn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ogun. Nọ́ọ̀sì wọn ni bàbá mi nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ohun kan wà tí mi ò lóye nípa rẹ̀: bí ọjọ́ yìí bá ti pé, ó máa ń fẹ́ ká débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ká sì ti kúrò kí èrò tó dé. Lọ́dún yìí, ọkọ̀ tó gbé wa ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo wẹ̀yìn wò ó, ó ti fa fìlà bojú, ó kọjú sí ògiri, ó ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nípa bí a ṣe ń sá fún iná, bí ẹni pé ilé ti ń jó.

Mo rọra bá ọkùnrin náà rìn dé fèrèsé kẹta. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀, Ìyá Òǹtẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè é. Awò rẹ̀ wà ní orí imú, òǹtẹ̀ mẹ́fà sì tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ó ní.

"Mà á dúró, mà. Bí mo bá jókòó, ẹ ó wá èèyàn mẹ́rin tó máa gbé mi dìde."

Ó ṣí fáìlì. "Ẹ ní ẹ̀yìn yín bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ní ẹ já bọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ fẹ̀yìn balẹ̀ lórí àpótí ọta ìbọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo ti wá ìwé àwọn aláìsàn ti ọjọ́ yẹn jáde. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ síbẹ̀ rèé." Ó gbé ohùn sókè bí olùkọ́. "'Orí fífọ́. Mo fún un ní oògùn méjì. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́.'"

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, àbí ẹ̀yìn lẹ fi ń ronú ni?" ẹnì kan ní.

Òun ò rẹ́rìn-ín. "Mo mọ ohun tó kọ, mà. Èmi ni mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Òǹtẹ̀ bọ́ awò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi, àbúrò mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí ìgbìmọ̀ máa gbé ọ̀rọ̀ yín wò nìyí, kò sí ẹ̀ẹ̀kẹrin. Tó bá di agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á ti fáìlì yìí pa. Ẹ wá nọ́ọ̀sì náà rí. Kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá síwájú mi. Láìsí ìyẹn, kò sí owó ìfarapa, kò sì sí iṣẹ́ abẹ."

"Dókítà ní bí wọn ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn lọ́dún yìí, mi ò ní lè rìn mọ́, mà."

"Mo kà á. Kí lorúkọ nọ́ọ̀sì náà? Ìfọwọ́sí rẹ̀ dà bí aláǹgbá tí wọ́n ń lé."

"A ò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ la máa ń pè é."

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ni màmá mi máa ń pe bàbá mi títí ó fi kú.

Mo yíjú padà. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú ìwé iná mọ́.

Mo sáré jáde. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìparí òpópónà, ó ń rìn kíákíá bí ọ̀dọ́mọkùnrin. "Bàbá, wọn ò tíì tẹ òǹtẹ̀ sí káàdì yín!"

"Ara mi ò yá. A ó padà wá."

Inú ọkọ̀ ni mo ti rí i pé àpòòwé ńlá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òun náà rí i.

"Ṣé ẹ mọ ọkùnrin yẹn?" mo bi í.

"Ọkùnrin wo?"

"Ẹni tí orí ń fọ́."

Ó di ojú. "Gbé ohun ọlọ́hun lọ fún un lọ́la. Má sì sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́ fún un."

Àdírẹ́sì wà lẹ́yìn àpòòwé náà. Ní ọjọ́rú, mo dé ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ọkùnrin náà ti fi búlọ́ọ̀kù gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ sókè dé àyà kó lè máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é ní Òpó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ránṣọ.

"Ṣé ìwọ lo jí ẹ̀yìn àbúrò mi gbé?" ó bi mí bó ṣe rí àpòòwé náà. "Láti àná ló ti ń wò sí ojú ọ̀nà. Mo rò pé fọ́tò ló ń retí ni. Mo ti rí ohun tó ń retí báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣọ yín," Òpó ní. Etí rẹ̀ pọ́n.

Ó bi mí lórúkọ, mo sọ ọ́. Ó pè é jẹ́jẹ́, ó tún un pè, bí ẹni ń tọ́ ohun dídùn wò. Mo ti fẹ́ máa lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo bi í nípa orí fífọ́ náà.

"Ẹ ò ní gbà á gbọ́," ó ní. Ó ń fi òróró sí ìdí ẹ̀rọ kan bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Nígbà tí a bá fẹ́ gbéra, ṣọ́ọ̀kì la fi ń kọ orúkọ àwa tó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kọ sínú ìwé pé egungun ń dùn, ó di ẹni tí wọ́n máa dá padà sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ní kí wọ́n fi àkísà tútù nu orúkọ rẹ̀ nù, lójú gbogbo èèyàn. Ó sàn kéèyàn kú. Bí mo ṣe rò ó nígbà yẹn nìyẹn."

"Nítorí náà ẹ bẹ nọ́ọ̀sì."

"Gbogbo wa là ń bẹ̀ ẹ́. Ó láàánú jù. Egungun ìhà ṣẹ́: orí fífọ́. Orúnkún wú: orí fífọ́. Ẹni tó bá ka ìwé wa á rò pé kò sí ẹgbẹ́ ogun tí orí ń fọ́ tó tiwa láyé." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó bá mi jà ní ọjọ́ tèmi. Ó ní ẹ̀yìn kì í ṣe ohun eré. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú tí mò ń sunkún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Nígbà tó yá, ó bọ́ bẹ́líìtì ara rẹ̀, ó fi dì mí ní ìbàdí kí n lè gun ọkọ̀."

"Inú ò bí yín sí i?"

"Kí ló máa bí mi nínú? Mo kàn fẹ́ rí i ni. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní àwọn ò rí i mọ́, bí ẹni pé ilẹ̀ gbé e mì." Ó wò mí. "Ta lẹ sìn wá sí ọ́fíìsì lánàá?"

Ó yẹ kí n sọ ọ́.

"Aládùúgbò wa kan," mo ní.

Bó ṣe nawọ́ wá gba àpòòwé lọ́wọ́ mi, ìka wa kan ara. Ìgbúnwọ́ rẹ̀ gbá irin ńlá kan ní etí tábìlì, irin náà sì bọ́ lulẹ̀. Kò wo ilẹ̀. Ó ṣì ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ni mo kígbe.

"Ẹsẹ̀ yín! Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ yín!"

Irin náà ti bọ́ lé e ní ìka ẹsẹ̀ òsì. Ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. "Háà," ó ní, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sáré dé pẹ̀lú aṣọ funfun, ó kúnlẹ̀, ó ń nù ún. Kò bá mi ṣàwàdà mọ́. "Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé lóṣù yìí," ó sọ fún ilẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé, mo bá bàbá mi ní pálọ̀, ó ń fi aṣọ nu awò rẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ bá a kọ lẹ́tà tí wọ́n ní kó mú wá," mo ní.

"Jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Ẹ bá a kọ ọ́, Bàbá. Ọjọ́ Ẹtì ni, agogo méjìlá."

"Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pè é? Kíkọ irọ́ sínú ìwé ológun. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, kò sì sí iye ọdún tó lè pa á rẹ́. Wọ́n lè gba owó ìfẹ̀yìntì mi. Òun ni a fi ń san owó ilé yìí, òun ni ìwọ fi kàwé. Bí mo bá sì kọ fún ẹnì kan, mélòó ló máa tẹ̀lé e?"

"Mélòó ni?"

"Mi ò kà wọ́n."

Mo dúró. Ó tún nu awò náà.

"Mẹ́tàdínlógójì," ó ní.

Ìdí tó fi ń sá fún wọn lọ́dọọdún wá yé mi. Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. "Irin bọ́ lé e lẹ́sẹ̀ lónìí," mo ní. "Ẹ̀jẹ̀ ń jáde, kò sì mọ̀."

Orí bàbá mi dìde. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn iṣẹ́. "Ẹsẹ̀ wo?"

"Òsì."

"Àtàǹpàkò nìkan, àbí gbogbo ìka?"

"Ó jọ pé gbogbo rẹ̀ ni."

"Ṣé ó ṣì ń tọ̀ dáadáa?"

"Bàbá! Báwo ni mo ṣe fẹ́ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́bọ̀, a ò bá ara wa sọ ju ẹ kú àárọ̀ lọ. Mo rí bébà kan lórí tábìlì rẹ̀, déètì nìkan ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo jí ní ọjọ́ Ẹtì, kò sí nílé, bébà náà ò sì sí níbẹ̀. Mo pe fóònù rẹ̀, inú yàrá ló ti ń dún.

Mo pinnu pé, bó bá kọ tàbí kò kọ, ọkùnrin yẹn ò ní ti ẹnu ẹlòmíràn gbọ́ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Agogo mọ́kànlá ààbọ̀ ni mo dé ọ́fíìsì. Òpó dúró ti fèrèsé kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ là bó ṣe rí mi, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti sọ.

"Bàbá mi ni Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀," mo ní.

Ó di èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ní ọjọ́rú? Nígbà tí mò ń sọ ọ́ fún yín?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ dúró níwájú mi, ẹ ń bi mí bóyá inú ń bí mi sí i."

"Ẹ jọ̀ọ́…"

"Ó ń bí mi báyìí," ó ní, ó sì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọbìnrin yìí, o tún gbójú wá síbí! Bàbá rẹ dà?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Àwọn tí kò mọ̀ pọ̀ nínú ẹbí yín o."

Mo gba ọ̀rọ̀ náà, mo sì dúró. Ibi tí mo tún lè lọ ò sí. Aago ògiri ń lọ. Ó di ogún ìṣẹ́jú sí méjìlá. Ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá Òǹtẹ̀ ń wo aago, ó ń wo Òpó, ó tún ń to òǹtẹ̀ rẹ̀ tí kò dà rú. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fa fáìlì náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ẹnì kan pariwo ní ẹnu ọ̀nà. "Ẹ wò ó o! Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀! Bàbá orí fífọ́!"

Bàbá mi ni. Ó ti lọ fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó dì í mú lọ́wọ́, gbogbo ojú rẹ̀ sì wà níta. Àwọn èèyàn ń pè é, wọ́n ń fi ọwọ́ kàn án léjìká, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí ó fi dé iwájú Òpó. Ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì.

"Ta ló dì í báyìí? Ó le jù."

"Èmi ni, sà," ẹ̀gbọ́n Òpó ní, ó ti gbàgbé ìbínú rẹ̀.

"Ẹ tú u díẹ̀ tí ẹ bá délé." Ó na lẹ́tà sí Òpó. "Kà á, kí o sì fún wọn. Ilé ìkàwé ni mo ti wà láti àárọ̀. Mo fa ìwé ya lẹ́ẹ̀mẹrin."

Òpó ṣí i, ó kà á. Mo rí i bí iwájú orí rẹ̀ ṣe ń hun. Ó dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sí àárín.

"Sà, ẹ kọ ọ́ síbí pé mi ò mọ ohun tí ẹ kọ sínú ìwé. Ẹ ní ẹ̀yin nìkan lẹ dá a ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí."

"Dákẹ́ ẹnu rẹ, kí o fún wọn." Bàbá mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí wọ́n bá mọ̀ pé ìwọ lo bẹ̀ mí, wọ́n lè ní ìwọ lo fọwọ́ fà á. Wọ́n lè torí ẹ̀ ní àwọn ò san nǹkan kan. Mo ti dàgbà, jẹ́ kó pin sọ́dọ̀ mi."

"Ẹ tún ti kọ orí fífọ́ fún mi, sà."

Bàbá mi ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin," Ìyá Òǹtẹ̀ ní.

"Fún wọn!" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kígbe. "Ṣé orí ẹ ti dàrú ni? Lẹ́tà tí o ti ń wá rèé! Fún wọn!"

Òpó tẹ lẹ́tà náà mọ́ àyà. Ó yíjú sí mi. "Ṣé ẹ ní bírò?"

Mo wá a jáde nínú báàgì mi. Ó gbà á. Ó wo pẹpẹ fèrèsé náà, ó wà ní ìsàlẹ̀ jù, kò lè tẹ̀ dé ibẹ̀. Ó gbìyànjú, ojú rẹ̀ sì pọ́n fún ìrora. Bàbá mi rí i kí n tó rí i. Ó yí ara padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì tẹ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ sílẹ̀ bíi tábìlì.

"Kọ ọ́ síbí," ó ní. "Tìrẹ ò lè tẹ̀, tèmi ṣì lè tẹ̀."

Òpó tẹ́ lẹ́tà náà sí ẹ̀yìn bàbá mi, ó sì kọ̀wé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo dúró sún mọ́ ọn tó láti ka ohun tó kọ: Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ òótọ́. Ó kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Ó fọwọ́ sí i. Láìgbé ojú kúrò lórí bébà, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, débi pé èmi nìkan ló gbọ́, "Ẹ má lọ o. Mo ṣì ń bínú, ṣùgbọ́n ẹ má lọ."

"Mi ò lọ síbì kan," mo ní.

"Ìṣẹ́jú kan," Ìyá Òǹtẹ̀ ní. Ọwọ́ rẹ̀ ti nà wá sí abẹ́ gíláàsì. "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fọwọ́ sí yìí? Bí mo bá ti gbà á, mi ò lè dá a padà."

Bàbá mi nà ró, ó wo Òpó. Òpó wò ó.

"A mọ̀ ọ́n, mà," bàbá mi ní.

Òpó sì ti lẹ́tà náà gba abẹ́ gíláàsì sí i lọ́wọ́.